Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì nínú rọ́gbì líìgì: ṣé ipò ló ni ín àbí eléré?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi nọ́ńbà sẹ́yìn àwọn eléré rọ́gbì líìgì lóde òní. Ní Ọsirélíà, nínú ìdíje NRL, ipò tí èèyàn máa gbá lọ́jọ́ náà ló ń fún un ní nọ́ńbà: 1 sí 13 fún àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré, 14 lọ sókè fún àwọn tó máa wọlé rọ́pò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú Super League, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń pín nọ́ńbà fún kálukú. Ibi yòówù kí kóòṣì gbé e sí lẹ́yìn náà, nọ́ńbà yẹn kò ní kúrò lẹ́yìn rẹ̀ títí sáà á fi parí. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo fara mọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ti pẹ́ nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbá eré yìí gan-an ló mú kí n sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà náà ná. 1 ni fullback, ẹni tó ń dúró sẹ́yìn gbogbo èèyàn, tó ń hán bọ́ọ̀lù tí alátakò bá gbá sókè, tó sì máa ń yọ síwájú lójijì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wá àmì ayò. 2 ni winger apá ọ̀tún, 3 ni centre apá ọ̀tún, 4 ni centre apá òsì, 5 ni winger apá òsì. 6 ni stand-off, tí àwọn ará Ọsirélíà ń pè ní five-eighth. 7 ni scrum-half, òun ló sábà máa ń darí eré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ nígbà tí ààyè bá fẹ́ tán. 8 àti 10 ni prop, àwọn abara-líle tó ń gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín alátakò. 9 tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni hooker. Lẹ́yìn tackle kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí alátakò bá mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, òun ló sábà máa ń mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í kúrò lára bọ́ọ̀lù. 11 àti 12 ni second-row, 13 sì ni loose forward. Inú ìwé òfin eré náà ni ètò yìí wà, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé kí àwọn èèyàn lè tètè dá eléré àti ipò rẹ̀ mọ̀ ni.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkà náà. 1 wà lẹ́yìn pátápátá, 2 sí 5 tẹ́ ara wọn kọjá pápá láti ọ̀tún sí òsì, 6 àti 7 sún mọ́ scrum, ìyẹn ibi tí àwọn eléré iwájú ti ń dì mọ́ra láti fi èjìká kojú ti alátakò. Láti 8 ni ìkà náà ti wọ inú scrum lọ: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ṣoṣo nídìí. Ìyẹn ni 8, 9, 10, kó tó kan 11 àti 12, kó tó wá kan 13.

Ẹni tó ti mọ rọ́gbì yúníọ̀nù, irú rọ́gbì kejì tí èèyàn 15 ń gbá, tẹ́lẹ̀ ni èyí máa ń dà láàmú jù, bẹ́ẹ̀ yúníọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ rọ́gbì nílẹ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀. Iwájú ni yúníọ̀nù ti ń kà: prop ni 1, fullback ni 15. Nítorí náà, 15 ti yúníọ̀nù ló di 1 ní líìgì, 10 di 6, 9 di 7, hooker tó jẹ́ 2 lọ́hùn-ún di 9 níbí. Winger òsì tó ń wọ 11 di 5, ti ọ̀tún tó ń wọ 14 di 2. Ti àwọn centre ló gba àkíyèsí jù. Ní yúníọ̀nù, 12 ni ti inú, 13 ni ti òde, àwọn méjèèjì sì lè jọ wà ní apá kan náà. Ní líìgì, 3 ní ọ̀tún, 4 ní òsì, kálukú dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn flanker méjì, àwọn ẹni ẹ̀gbẹ́ scrum, tí yúníọ̀nù ń fún ní 6 àti 7 kò ní arọ́pò kankan ní líìgì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, nílé ìtura George Hotel ní Huddersfield, ni àwọn ẹgbẹ́ apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára yúníọ̀nù, ibẹ̀ ni líìgì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1906, wọ́n dín eléré kù láti 15 sí 13, iwájú ni wọ́n sì ti yọ èèyàn méjì náà.

Ẹni tó bá ń wo fídíò àtijọ́ láti Ọsirélíà tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Títí di ìparí àwọn ọdún 1980, ìdàkejì ni wọ́n ń ka àwọn èèyàn iwájú níbẹ̀: ẹni ìdí scrum ló ń wọ 8, second-row ń wọ 9 àti 10, prop ń wọ 11 àti 13, hooker sì ń wọ 12. Bí ẹ bá rí 12 tó ń mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà nínú eré State of Origin (eré láàárín ìpínlẹ̀ New South Wales àti Queensland) ti àwọn ọdún yẹn, hooker ni, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ wá wo ohun tí nọ́ńbà ipò ń ṣe fún ẹni tó ń wòran. Ẹgbẹ́ tó bá gba bọ́ọ̀lù ní ààyè tackle mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e fún alátakò. Àwọn tackle ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń lọ sí àárín pápá, ọwọ́ 8, 10 àti 13 ni iṣẹ́ yẹn wà. Bí ó bá di ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ máa rí i tí wọ́n bá yà sí ẹ̀gbẹ́. Ká ní apá òsì ni wọ́n yà sí. 9 ju bọ́ọ̀lù sí 7, 7 jù ú sí 6, 11 ti ń sáré bọ̀ bíi pé òun ni wọ́n máa jù ú sí, 1 ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, 4 àti 5 ń dúró de ìyókù lẹ́bàá ìlà ẹ̀gbẹ́. Ta ló ń kojú wọn? Òsì tiwọn ni ọ̀tún alátakò, nítorí náà 3 ló ń kojú 4, 2 ló ń kojú 5. Ẹ ro nọ́ńbà ẹni méjì tó ń kojú ara wọn pọ̀, 7 ló máa ń fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní apá kejì. Second-row méjèèjì àti 6 pẹ̀lú 7 kò dúró sójú kan tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn kóòṣì kan ń fi 11 sí ọ̀tún, àwọn mìíràn ń fi í sí òsì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wo eré fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ó ti mọ apá tí oníkálukú wà.

Ibi tí èrè rẹ̀ wà nìyí: bí mo bá bojú wo ìlà ààbò, tí mo rí 13 níbi tó yẹ kí 3 dúró, mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Bóyá 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tackle láàárín, kò tíì rí àyè padà síbi tirẹ̀. Bóyá ó farapa. Èyí ó wù kó jẹ́, abara-líle tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni wọ́n fi ń dojú kọ centre tó lè sáré, 7 alátakò tó bá sì lójú á ti rí i kí èmi tó rí i. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó ń wòran lè rí try náà, ìyẹn àmì ayò tí wọ́n ń gbà nígbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo eré Super League níbi tó jẹ́ pé 23, 4, 17 àti 31 ló tò sí apá kan náà. Àfi ẹni tó bá ti mọ ojú gbogbo eléré ẹgbẹ́ náà ni ìlà yẹn máa sọ̀rọ̀ fún.

Kí ló dé tí Super League fi yan ọ̀nà kejì? Ọdún 1996 ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé eré líìgì kúrò nígbà òtútù bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo nǹkan sì yí padà fún tẹlifíṣọ̀n. Premier League ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà aláìyípadà pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn jẹ́sì láti sáà 1993 sí 1994. Àwa náà kúkú mọ bó ṣe ń rí: Kanu Nwankwo wọ 25 ní Arsenal, ó sì wọ 4 fún Super Eagles, bẹ́ẹ̀ iwájú ló ti ń gbá. Ọmọdé tó bá fẹ́ jẹ́sì Kanu mọ èyí tó máa rà. Ọjà ni, owó sì ń wọlé fún ẹgbẹ́, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn.

Bó ṣe ń lọ ni pé, nígbà tí sáà tuntun bá ń bọ̀, ẹgbẹ́ á gbé ìwé orúkọ jáde. 1 sí 13 sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tí kóòṣì kà sí ààyò rẹ̀ ní ipò kọ̀ọ̀kan. 14 sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ hooker kejì tàbí ẹni tó lè gbá ipò púpọ̀. 15 sí 17 á lọ fún prop tó ń ti bẹ́ǹṣì wọlé, àwọn ọmọ tuntun láti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ á sì gba ogún-lé sókè. Ẹni tó bá dé láàárín sáà á mú èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ ju bí ẹgbẹ́ ṣe rò lọ: nígbà tí ẹni tó wọ 6 lọ́dún tó kọjá bá bá ara rẹ̀ ní 19, gbogbo ayé ti gbọ́ ohun tí kóòṣì ń rò nípa rẹ̀ kí wọ́n tó gbá eré kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwé náà ti gbó. Ẹnì kan fara pa, ẹnì kan bọ́ sínú ìjìyà, second-row bọ́ sí centre, nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò wá bá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mu mọ́. Kevin Sinfield ti Leeds Rhinos wọ 13 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló gbá stand-off nínú àwọn ọdún yẹn. Sam Tomkins gba Man of Steel, àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù nínú Super League, ní 2021, fullback tó dára jù ní líìgì ló jẹ́ lọ́dún náà, 29 ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Catalans Dragons.

Àṣekágbá Super League ọdún 2011 ní Old Trafford ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò jù. Leeds kojú St Helens. Sinfield àti Danny McGuire ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni 6 àti 7 lójú pápá, Sinfield gbé 13 rẹ̀ dání, Rob Burrow tó ni 7 sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà nìkan á rò pé scrum-half Leeds kò sí lójú pápá rárá. Nígbà tí Burrow wọlé, ó mú bọ́ọ̀lù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ apá àwọn tó fẹ́ mú un, ó sì sáré wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Leeds borí pẹ̀lú 32 sí 16, Burrow ló sì gba Harry Sunderland Trophy, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbayì jù nínú àṣekágbá. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ipò ni, 14 tàbí èyí tó jọ ọ́ ni ì bá wọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo gbà pé níbí ni àwọn tó fẹ́ nọ́ńbà ti ẹni ti ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Burrow kò ga, ara rẹ̀ kò sì tóbi, 7 àti òun ti di ọ̀kan náà lójú àwọn ará Leeds. Nígbà tí àìsàn motor neurone, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, kọlù ú lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, tó sì kú ní oṣù kẹfà 2024, 7 yẹn ni wọ́n ń rí níbi gbogbo. Nọ́ńbà tó ń lọ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í sábà so mọ́ orúkọ báyẹn.

Hull Kingston Rovers tiẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Roger Millward kú ní 2016, wọ́n yọ 6 kúrò nínú ìwé orúkọ wọn láti bọlá fún un. Millward ni ọ̀gá ikọ̀ tó borí Hull FC pẹ̀lú 10 sí 5 nínú àṣekágbá Challenge Cup ní Wembley ní 1980, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, kò jáde. Ọlá tó tọ́ sí i ni. Àmọ́ lábẹ́ nọ́ńbà ipò, kò sí bí ẹgbẹ́ ṣe lè ṣe é, torí pé stand-off gbọ́dọ̀ wà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo máa fẹ́ ni kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí inú kọ́là 6 náà, kí ọ̀dọ́mọdékùnrin tó bá wọ ọ́ mọ ẹrù tó wà lẹ́yìn òun.

NRL kò mọ́ tónítóní náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń gbé orúkọ jáde fún eré òpin ọ̀sẹ̀: àwọn tó máa gbá, pẹ̀lú àwọn àfikún. Bó bá ku wákàtí 24, wọ́n á dín in kù. Bó bá ku wákàtí kan, orúkọ tó dájú á jáde; ní 2021 ni wọ́n fi ẹni 18 kún un nítorí ìpalára orí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi pe eléré ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò gbé wọ pápá. Bí fullback bá fara pa ní ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí wọ́n pè ní 20 lè bẹ̀rẹ̀ eré ní ipò 1 pẹ̀lú 20 lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kóòṣì tún ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi èyí ṣe ọgbọ́n: wọ́n á pe prop kan ní 8, ẹlòmíràn ní 15, bó bá ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ wọn. Pààrọ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n ní lójú eré láti 2016, nítorí náà ìgbà tí prop ńlá bá wọlé ṣe pàtàkì, wọn kò sì fẹ́ kí alátakò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ipò 8 wọ 8, kódà bó jẹ́ pé wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n yàn án. Jẹ́sì kò ṣòro láti pààrọ̀ nínú yàrá ìmúra bí kò bá sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdíje àgbáyé ló bọ́ sí àárín. Níbi Ife Àgbáyé tí wọ́n pè ní ti 2021, tí wọ́n sì gbá ní 2022, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú eléré 24 wá, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún ìdíje ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo fara mọ́ ìyẹn, torí pé ẹrù ni wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú.

Fún ẹgbẹ́ kékeré, mi ò rò pé àríyànjiyàn kankan wà. Nàìjíríà náà ti ní ikọ̀ líìgì tirẹ̀, Green Hawks, tó kópa nínú ìdíje tó wáyé lÉkòó ní 2019 pẹ̀lú Gánà, Kamẹrúùnù àti Mòrókò. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ wa, kó ra jẹ́sì 1 sí 20, kó fi méjì kún un tí kò ní nọ́ńbà kankan fún ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kan jẹ́sì tàbí tí ó bá ya. Jẹ́sì kan náà á sin ẹgbẹ́ náà fún sáà mélòó kan, ẹnikẹ́ni tó bá lọ kò ní gbé nọ́ńbà lọ. Ìwọ̀n ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn: 8, 10, 11, 12 àti 13 kí ó jẹ́ XL tàbí XXL, 15, 16 àti 17 bákan náà torí prop ló sábà máa ń wọ̀ wọ́n, 7, 9 àti 14 lè jẹ́ M. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ra gbogbo rẹ̀ ní L. Prop kò ní lè gbé apá sókè nínú tirẹ̀, ti winger á sì tú jù, alátakò á sì máa rí aṣọ dìmú níbi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

Nípa nọ́ńbà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n pa láró mọ́ aṣọ ló dára jù. Ooru tó tó 200 °C ni wọ́n fi ń tẹ aró náà wọ inú polyester, kò sì lè ṣí. Bí owó kò bá tó, tí ẹ fẹ́ lo rọ́bà tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ ọn, 130 sí 160 °C fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 ni, ó kù sí irú rọ́bà tí ẹ rà. Bí ooru bá pọ̀ jù lórí polyester pupa, aró aṣọ á gun orí nọ́ńbà funfun, á sì di bíi àwọ̀ osùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ béèrè fún rọ́bà tó ń dí aró. Ẹ yí jẹ́sì síta-sínú kí ẹ tó fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, ẹ má lọ̀ ọ́ lójú nọ́ńbà.

Ẹ má fi plásítà kọ nọ́ńbà rárá. Òógùn á bọ́ ọ láàárín tackle mẹ́ta, 18 á sì di 8. Rẹfirí tó bá fẹ́ lé èèyàn jáde fún ìṣẹ́jú 10 tàbí tó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀, nọ́ńbà ló máa kọ, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lè jìyà rẹ̀. Ohun tí eléré wọ̀ ni kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ sínú ìwé eré, kó má kọ ohun tó yẹ kó wọ̀. Bí ìyípadà bá sì dé lẹ́yìn tí ìwé ti lọ, kó sọ ọ́ fún rẹfirí kí bọ́ọ̀lù tó gbéra.

Ẹ̀yin tó ń wo Super League láti ilé, ẹ wá orúkọ àwọn eléré tó bá jáde kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ipò 1 sí 13 sórí bébà, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì kálukú sí ẹ̀gbẹ́ ipò rẹ̀. Ti àwọn centre àti winger ni kí ẹ kọ́kọ́ há sórí, ọ̀tún àti òsì. Àwọn yòókù á yé yín bí eré bá ṣe ń lọ.